Bùtá Ni N Ó Gbé Wálé, Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdí epo, ẹ kú àìsinmi. Èmi Àbẹ̀kẹ́ yín ni mo ń kí yín láti Ìlọrin, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kó yé gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìwé yìí pé ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo kí Bàbá Olórí-ẹbí, kí Ọlọ́run fi kún ọjọ́ orí wọn. Mo kí Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Bùọ̀dá, ẹ má fo ibì kankan o, bó ti wù kó korò tó. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àtàwọn ọmọ. Mo sì kí aládùúgbò wa tó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà fún yín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ní kó wọlé wá jókòó, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Awakọ̀ tó máa ń kó epo yín wá ló fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì ń wojú mi bí ẹni tó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Gbogbo Òtan, ìlú wa, ló ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Díákónì Fọlárìn wá sílé, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Olórí-ẹbí, wọ́n ní àwọn mú mi kúrò nínú oko wá sí ìlú ńlá, àwọn fún mi níṣẹ́ nínú ilé oúnjẹ àwọn, mo wá tú àṣírí àwọn fún ìjọba. Ẹ ní ẹbí ti pàdé. Ẹ ní lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, kí n wálé wá kúnlẹ̀ lójú àgbààgbà, kí n bẹ Díákónì. Bí n kò bá wá, Díákónì kò ní ra epo yín mọ́ fún ilé oúnjẹ wọn. Ẹ wá fi òwe dì í pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Màmá mi, mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sunkún lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wá bébà ra. N kò ní bẹ̀bẹ̀. Nítorí pé gbangba ni wọ́n ti bá mi wí, gbangba náà ni mo fẹ́ kí èsì mi wà. Ìdí nìyí tí mo fi fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Díákónì kò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ilé oúnjẹ wọn lẹ́yìn Post Office, ẹ ti wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iwájú ni wọ́n mú yín jókòó sí, lórí àga aláwọ̀, tí fáánù ń fẹ́ sí yín lórí. Ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ súre. Wọn kò mú yín dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ti lo ọdún mẹ́ta, èmi ni olórí àwọn alásè, àwa mẹ́sàn-án ni a sì ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì àti àwọn oníṣòwò gbogbo àyíká yẹn.

Sìǹkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti ń fọ ẹran tútù, inú rẹ̀ náà ni a ti ń fọ àwo, ibẹ̀ kan náà ni a sì ń fún aṣọ tí a fi nulẹ̀ sí. Gọ́tà tó yẹ kó gba omi rẹ̀ lọ ti dí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ nípọn bí ọṣẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ó mọ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n oníbàárà ló wà fún, ọwọ́ akápò ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Àwa òṣìṣẹ́, ilé kan tí wọn kò kọ́ parí lẹ́yìn ọgbà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Bí a bá dé láti ibẹ̀, abọ́ ìfọwọ́ ló ń dúró dè wá.

Ẹ mọ abọ́ náà. Irú èyí tó wà nílé wa ni, abọ́ olódòdó pupa. A ó bu omi sí i láàárọ̀, èmi tí mo jẹ́ olórí ni n ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ẹni tó tẹ̀ lé mi, títí yóò fi kan ọmọ tó ń fọ àwo. Bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn, láti orí àgbà wá sórí ọmọdé, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójú mi. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, omi kan náà ni. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ojú omi náà á ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ tó jáde níbẹ̀ ló ń rokà, òun ló ń gé ẹran.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni kì í ti ọwọ́ bọ abọ́ yìí. Ràmátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àdúgbò Gàmbàrí, ojúlówó ọmọ Ìlọrin, èmi àti òun kò ju ara wa lọ. Òun ló ń gé ẹran. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti gbé bùtá tirẹ̀ wá láti ilé, ìyẹn kẹ́tùlù onírin tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Bó bá fẹ́ fọwọ́, yóò gbé bùtá náà, yóò da omi sí ọwọ́ kan, yóò fọ̀ ọ́ tòun tọṣẹ, yóò tún da omi sí ìkejì, kí omi náà máa ṣàn lọ sílẹ̀. Mo ní kó wá bá wa fọwọ́ nínú abọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wàláì, omi tó bá ti fọ ọwọ́ kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ó máa lọ.

Màmá mi, ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí ní ilẹ̀ wa kí èèyàn kọ̀ láti bá ọ fọwọ́ nínú abọ́ kan náà. Èrò tèmi ni pé ó kà wá sí aláìmọ́ nítorí pé a kì í ṣe Mùsùlùmí, tàbí nítorí pé àlejò ni wá ní ìlú rẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kí mi, n ó dáhùn sínú ìkòkò. Mo tilẹ̀ gbé bùtá rẹ̀ pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè rí ohun tí yóò ṣe. Agolo ló fi bu omi, ó fọwọ́ rẹ̀, kò sì béèrè ẹni tó gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbẹ́ gbuuru dé sáàárín wa. Ọmọ tó ń fọ àwo ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó ń rokà, lẹ́yìn rẹ̀ èmi. A tún gbọ́ pé àwọn oníbàárà kan ní báǹkì kò lè wá síbi iṣẹ́. Díákónì ní ojú ọjọ́ ló fà á. Ọjọ́ tó mú mi, n kò lè dìde ní yàrá mi ní Adéwọlé. Ẹ rántí pé èmi nìkan ni mo ń gbé níbẹ̀. Àwọn ará Òtan tó wà ní Ìlọrin pọ̀, a jọ máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yọjú. Ta ló wá? Ràmátù ni. Ó gbé mi sínú takisí, ó gbé mi lọ sí agboolé wọn ní Gàmbàrí, ìyá rẹ̀ sì ń fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ wojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Èèyàn pọ̀ ní agboolé náà bí eéṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ omi ẹlòmíràn. Bùtá wà lẹ́nu ọ̀nà ṣalángá, bùtá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ tán yóò na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò da omi sí i. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹni tó kéré jù ni yóò gbé bùtá kiri, yóò máa da omi sọ́wọ́ àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n da omi sọ́wọ́ èmi náà, èmi onígbàgbọ́, èmi ará Òtan. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe èmi ni Ràmátù ń kọ̀. Omi ìdọ̀tí ló ń kọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo gbé bùtá rẹ̀ pamọ́. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ bá Díákónì lójúkojú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí wọn kò sọ ọ́ fún yín: èmi kọ́kọ́ lọ bá wọn ní ìkọ̀kọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún wa ní ibi ìfọwọ́ tí omi ti ń ṣàn, kí ọṣẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n fún àwa náà ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹni tí yóò kó gọ́tà. Wọ́n ní omi ìjọba kì í yọ. Mo ní dúrọ́ọ̀mù wà, kí wẹ́dà jó ẹ̀rọ omi mọ́ ọn nídìí, a ó máa pọn omi sí i. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n tún dá omi ìjọba lẹ́bi. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, Màmá mi. Omi ìjọba kọ́ ló gba kọ́kọ́rọ́ sápò.

Nígbà tí ìròyìn wá gbòde pé àwọn wolé-wolé ti ń yẹ ilé oúnjẹ wò káàkiri ìlú, ara Díákónì yá. Wọ́n ra sìǹkì ìfọwọ́ funfun kan, ó ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná, wọ́n fi ẹ̀rọ omi sí i lórí, wọ́n gbé ọṣẹ olóòórùn dídùn lé e, wọ́n fi tówẹ̀lì kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ta aṣọ bo abẹ́ rẹ̀. Ohun tí aṣọ yẹn ń bò ni pé kò sí páìpù kankan. Omi kankan kò wọ inú ẹ̀rọ yẹn, ihò tó wà nísàlẹ̀ kò sì lọ síbì kankan. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwa òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ìyàwó Tuntun, nítorí pé a ta aṣọ bò ó, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Abọ́ olódòdó wa ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Wolé-wolé tó wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, aṣọ kakí ló wọ̀, bàtà rẹ̀ sì mọ́ rekete. Ó wo sìǹkì náà, ó mi orí pé ó dáa, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Díákónì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ àwọn nìyẹn. Lójijì, ọkùnrin náà yíjú sí mi. Ó ní ta ni olórí àwọn alásè. Mo ní èmi ni. Adìyẹ tútù ni mo ń ya lọ́wọ́, ọwọ́ mi kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ìfun. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fọwọ́ mi kí òun rí i bí a ti ń ṣe é.

Díákónì wojú mi, mo wojú Díákónì. Wọ́n ti sọ fún yín pé mo gbàgbé ni, pé mo ṣi ọwọ́ ṣe. Wọ́n tún sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n ti fi oògùn mú mi ní Gàmbàrí. N kò gbàgbé. Ẹnikẹ́ni kò sì fi oògùn mú mi. Mo rìn lọ sídìí sìǹkì, mo ṣí ẹ̀rọ, kò dá ohùn. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, Ràmátù ti gbé bùtá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n tó béèrè. Mo da omi sọ́wọ́ mi lórí sìǹkì funfun yẹn, mo fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, mo tún da omi sí i, mo rọra ṣe é. Omi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ gba inú ihò kọjá, ó gba abẹ́ aṣọ yọ, ó sì dà sórí bàtà wolé-wolé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ sókè, ó wo ògiri. Ó wá béèrè ibi tí a ti ń fọwọ́ gan-an. Mo fi ẹsẹ̀ fa abọ́ jáde lábẹ́ tábìlì.

Wọ́n ti ilé ìdáná yẹn pa lọ́jọ́ náà, títí Díákónì yóò fi tún un ṣe. Díákónì lé mi lọ́jọ́ náà. Ràmátù kó ọ̀bẹ rẹ̀ àti bùtá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi jáde láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e.

N kò ní parọ́ fún yín pé nǹkan rọrùn lẹ́yìn náà. Ọyẹ́ Ìlọrin ọdún yìí le, ètè mi bó, gìgísẹ̀ mi là, n kò sì rí ju gààrí rà fún ọjọ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Òtan máa ń lọ, ìyàwó ẹnìkan tí a jọ ti ìlú kan wá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ka orúkọ, wọn kò ka tèmi. Mo ti ń dáwó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta! Mo dìde, mo ní orúkọ mi Àbẹ̀kẹ́, mo ṣì wà láàyè. Mo padà jókòó. Bí mo ṣe délé ni mo sunkún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi àti Ràmátù ti ṣí búkà kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Adéwọlé. Kí a tó ra ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ rà. Wẹ́dà jó ẹ̀rọ méjì mọ́ ọn, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún wa, ọṣẹ wà ní ìdí méjèèjì. A gbẹ́ ṣalángá, a fi ìlẹ̀kùn sí i, bùtá sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Abọ́ tí a fi ń fọ ẹran kì í kan àwo. Ẹni tí kò bá fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, a kì í bu oúnjẹ fún un. Ọ̀gá kan bínú níjọ́ kìíní, ó ní ṣé ọmọdé lòun ni. Ràmátù dá a lóhùn pé ó tì o, Alàájì, ọmọdé kì í jiyàn tó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí, òun náà ló sì ń dá àwọn mìíràn padà sídìí ẹ̀rọ.

Nípa epo yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Ẹ kó o sínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń kó o tẹ́lẹ̀, kí awakọ̀ má yà lẹ́yìn Post Office mọ́, kó máa bọ̀ ní Adéwọlé. N kò tíì lè gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó gba ìdajì, ìyá Ràmátù sì ti bá yín rí oníbàárà fún èyí tó kù ní Gàmbàrí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òun ló mú kí n pẹ́ kí n tó kọ ìwé yìí. Nínú lẹ́tà yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ọwọ́ ìdọ̀tí pa rí, pé ṣebí inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń fọwọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Màmá mi, ẹ dárí jì mí. Dúpẹ́ ni. Àbúrò mi Dúpẹ́ ni. Lọ́dún tí onígbáméjì wọ Òtan, òun ló kéré jù nídìí abọ́, òun ló máa ń fọwọ́ kẹ́yìn, nínú omi tí gbogbo wa ti fọ̀ sí. N kò dá yín lẹ́bi. Bí ẹ ti bá a nílẹ̀ lẹ ti ṣe é, a kò mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Dúpẹ́ wẹ ọwọ́ rẹ̀. Omi ni kò dáa. Èmi ti wá mọ̀ báyìí, n kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ nítorí pé Díákónì gbé mi wá sí Ìlọrin.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, ẹ máa retí mi. N ó wá. Ẹ tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo àgbààgbà jókòó, ẹ jẹ́ kí Díákónì náà jókòó. Ẹ se oúnjẹ, ẹ má gbé abọ́ olódòdó síta. N ó gbé bùtá kan dání, tuntun ni, Ràmátù ló ní kí n bá òun gbé e fún yín. Èmi yóò kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn bí ẹ ti wí. N ó kúnlẹ̀ níwájú yín, Màmá mi, n ó da omi sí yín lọ́wọ́, ọ̀tún kí n tó da ti òsì, kó máa ṣàn lọ sílẹ̀. N ó da sọ́wọ́ Bàbá Olórí-ẹbí, n ó da sọ́wọ́ gbogbo ilé, n ó sì da sọ́wọ́ ọmọ tó kéré jù nínú ilé lónìí, omi tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò. Bí Díákónì bá na ọwọ́ tiwọn, n ó da omi sí i. Ohun tí n ó bá wọn ṣe nìyẹn.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ títí dìgbà náà, kí omi má gbẹ nínú àmù yín, kí àrùn má mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ràmátù àti ìyá rẹ̀ ní kí n kí yín, wọ́n ní àsàlámù aléékúmù.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ fi ọwọ́ yín tọ́,
Àbẹ̀kẹ́.